Ẹran ara tó ti wọ fọ́málíìn: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Iṣẹ́ yíyọ DNA ni mò ń ṣe ní láàbù. Wọ́n gbé ìgò kan wá láti ilé ìgbókùúsí kan: ẹran itan òkú tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀, ó ti lo oṣù mẹ́fà nínú fọ́málíìn. Ìyá kan ti wá fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí a lè fi DNA wọn wé ti òkú, wọ́n ní ọmọ àwọn ni.

Bí mo ṣe ṣí ìgò, òórùn ta mí nímú, omi bọ́ lójú mi. Ẹran náà ti rí bí eérú, ó le bíi rọ́bà, ọ̀bẹ ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹran tútù, bí a bá rì í bọ inú èròjà tó ń jẹ purotéènì ní 56°C lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́ bá a ní yíyọ́. Èyí lo ọjọ́ mẹ́ta, ègé rẹ̀ ṣì ń léfòó.

Fọ́mádíháìdì inú fọ́málíìn ló fà á. Ó máa ń so purotéènì mọ́ra wọn, á tún so wọ́n mọ́ DNA, bí ìgbà téèyàn fi okùn di ẹrù. Ohun tí kì í jẹ́ kí òkú jẹrà nìyẹn, òun náà ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Bó bá tún wá pẹ́, tí wọn ò sì fi èròjà tó ń dènà kíkan sí i, á máa di ásíìdì díẹ̀díẹ̀, á máa rún DNA wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Èsì jáde. Àwọn ojúkò, ìyẹn àwọn ibi tí à ń kà lára DNA, tó kúrú, bíi 100 sí 150 lẹ́tà, hàn kedere. Bí wọ́n ṣe ń gùn sí i ni ìlà wọn ń kéré sí i lórí àwòrán, bí àtẹ̀gùn tó ń sọ̀ kalẹ̀. Láti 300 lọ, òfo. Ní ojúkò kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà méjì lèèyàn máa ń ní, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá. Èyí tó là mí lóòógùn ni ojúkò kan tó fi nọ́ńbà kan ṣoṣo hàn, tí nọ́ńbà náà ò sì sí lára ìyá. Ẹni tó bá kánjú á ní kì í ṣe ọmọ wọn. Bẹ́ẹ̀, ti bàbá ló hàn; ti ìyá ló ti já sọnù.

Òkú náà ṣì wà nínú fìríìjì wọn látọjọ́ yìí! A bèèrè èékánná. Èékánná ẹsẹ̀ méjì dé, gbígbẹ, nínú àpò ìwé. Ọ̀kan péré la lò, gbogbo ojúkò sì jáde. Ọmọ wọn ni.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí àwa ilé ìgbókùúsí jù. Bí a bá fẹ́ fi maikirosikópù wo ohun tó pa èèyàn, kò sí ohun tó tó fọ́málíìn. Àṣìṣe wa ni pé inú rẹ̀ là ń da gbogbo rẹ̀ sí. Ní báyìí, kí n tó fọwọ́ kan fọ́málíìn, mo ti gé ègé kékeré sínú ẹ́tánọ́ọ̀lù 96%. Òun kàn ń fa omi jáde ni, kì í so purotéènì mọ́ DNA bíi ti fọ́málíìn. Ọmọ iṣẹ́ mi kan lo omi Bouin, omi ìtọ́jú ẹran ara míì, nígbà kan, èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú yẹn. Láàbù ò rí nǹkan kan mú níbẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ ọ́.

—

Tèmi, fọ́málíìn ló gbà wá. Ẹni tó kú ò ní òbí, kò bímọ, kò sí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tá a lè fi ṣe àfiwé. Ilé ìwòsàn tó ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọdún 11 sẹ́yìn ṣì tọ́jú ẹran ara rẹ̀, tí wọ́n ti kọ́kọ́ rì bọ fọ́málíìn, nínú búlọ́ọ̀kù páráfíìnì, ìyẹn ìda. A há a, a fi sáílíìnì (xylene, kẹ́míkà tó ń yọ́ ìda) fọ ìda kúrò, a sì gbé e sí 90°C fún wákàtí kan kí ohun tí fọ́málíìn so pọ̀ lè tú. Ojúkò kúkúrú nìkan la lépa. Ẹ ṣáà ṣọ́ra: iṣẹ́ abẹ kókó jẹjẹrẹ ni, DNA inú kókó lè ti yí padà fúnra rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ibi tára ti dá ṣáṣá la bèèrè.

—

Ẹ̀gbọ́n àkọ́kọ́, ìyá yẹn ńkọ́?

—

Wọ́n gba òkú ọmọ wọn. Wọ́n ní ká fún àwọn ní èékánná tó kù. A fún wọn.