400 ni wọ́n ń fún ẹlòmíì, 70 ni wọ́n ń fún àbúrò mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Mojí: Ẹ̀yin ará, inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló kọ lu àbúrò mi ọkùnrin. Kẹ́mò àkọ́kọ́ ràn án, àìsàn náà tún yọjú. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ò ràn án rárá. Ni wọ́n bá ní kó wọnú ìdánwò oògùn tuntun: oògùn jẹjẹrẹ venetoclax àti oògùn kan tí kò tíì lórúkọ, lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán ni wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ò jẹ́ kí n ka ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, bí ẹni pé àlejò ni mí (ọ̀rọ̀ ìyẹn ṣì ń bọ̀). Ẹni tí wọ́n jọ ń gbẹ̀jẹ̀ ń lo venetoclax miligíráàmù 400 lójúmọ́. Àbúrò mi ńkọ́? 70! Hóró tíntìntín mẹ́ta. Ṣé torí a ò lẹ́ni níbẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ jẹ? Ṣé ká yọ ọ́ kúrò?

Bàbá Ọlá: Ẹ yọ ọ́ kíá! Ara rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ṣẹ́.

Àdùkẹ́: Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọkọ mi náà wọ irú rẹ̀, myeloma, jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn eegun, ni tiwọn. Ìpele kìíní ni, ìwọ̀n tí ara lè gbà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìgbẹ̀jẹ̀ yẹn ni mi ò lè gbàgbé, gbogbo apá ló dúdú. Ó wu ọkọ mi kí wọ́n jáwọ́ nígbà kan, kò sì sẹ́ni tó máa dá wọn dúró.

Bàbá Ọlá: Ẹni mélòó ló kú níbẹ̀? Ẹ sọ ìyẹn náà.

Àdùkẹ́: Àìsàn tí ò gbọ́ ti kẹ́mò mọ́, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n fi wò ó? Ariwo ẹnu yín?

Nọ́ọ̀sì Kẹ́hìndé: Mojí, irú jẹjẹrẹ wo ni? Ṣé wọ́n ti yẹ jíìnì rẹ̀ wò? Bí jíìnì tó ń jẹ́ FLT3 bá ti yí padà, oògùn gilteritinib wà, ó ti gbàṣẹ ní Amẹ́ríkà láti 2018. Oògùn wo ló tún ń lò?

Mojí: AML, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń yára pọ̀ sí i. Ti jíìnì, ẹ bi ìyàwó rẹ̀. Oògùn míì ò sí, àfi ti ikọ́. Fungus ló wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, wọ́n kọ posaconazole, oògùn fungus, fún un.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́hìndé: Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn! Posaconazole kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ venetoclax dànù, á kàn máa kún sínú ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń lo méjèèjì, 70 ni wọ́n ń gé 400 sí. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ.

Mojí: Kí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi! Òun náà ń lo 400 kí ikọ́ tó dé, díẹ̀ sì ṣẹ́ kù nílé. Hóró kan péré ni mo ń fi kún un lálẹ́, 100. Ó kúkú jẹun dáadáa lánàá.

Bàbá Ọlá: Háà.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́hìndé: Ẹ má fún un lálẹ́ òní o! Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára ìwé ìdánwò náà báyìí, ẹ má dúró dàárọ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó ń bá kòkòrò àìsàn jà, lè ti lọ sílẹ̀ pátápátá kójú má sì rí nǹkan kan. Ṣé ara rẹ̀ ò gbóná?

Mojí: Ó gbóná díẹ̀ láti àárọ̀. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni ìwé náà wà.

Àdùkẹ́: Ẹ pè é, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ máa bá ìjà yín lọ lẹ́yìn náà.