Ọmọ ajá mi ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fò bí ehoro: ṣé kí n dá a padà fún ẹni tó tà á?

Ìbéèrè
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀sẹ̀ 6 ni ọmọ ajá mi, akọ German Shepherd, nígbà tí mo rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń sin ajá tà, n kò sì béèrè láti rí ìyá rẹ̀. Ó ti pé oṣù 8 báyìí. Tó bá ń sáré, ńṣe ló máa ń pa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ fò bí ehoro. Tó bá sì fẹ́ dìde, yóò kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ iwájú gbéra, yóò sinmi díẹ̀, kó tó wá rọra wọ́ ìdí dìde bí arúgbó. Dókítà ẹranko ya àwòrán egungun rẹ̀, ó ní orí egungun itan kò jókòó dáadáa sínú ihò ìbàdí. Ẹni tó tà á ní kálísíọ́mù ni kò tó lára rẹ̀, pé kí n gbé e wá kí òun fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Ọkàn mi kò gbé e. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn kìíní
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kálísíọ́mù kún oúnjẹ rẹ̀, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ máa ń ba egungun ọmọ ajá ńlá jẹ́ nígbà tó bá ń dàgbà lọ́wọ́. Àìsàn àjogúnbá ni èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsanrajù máa ń mú kó le sí i. Ẹ má jẹ́ kó sanra, kí ọwọ́ yín máa kan egungun ìhà rẹ̀ tí ẹ bá fọwọ́ pa á lára. Kó má ṣe máa gun àtẹ̀gùn. Ẹ máa mú un rìn jẹ́jẹ́, tàbí kó lúwẹ̀ẹ́. Oògùn ìrora tí ènìyàn ń lò lè pa á, nítorí náà dókítà ni kí ẹ bi léèrè nípa ìyẹn àti nípa iṣẹ́ abẹ.

Ìdáhùn kejì
Èmi gba irú pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ń kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ìyá kan náà ló bí èyí tí wọ́n fún mi, kò sì pé ọdún kan tí ìbàdí tirẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Èyí tí mo dá padà, wọ́n fi í ṣe akọ tó ń gun abo. Ní Amẹ́ríkà, àjọ OFA, tó ń yẹ egungun ajá wò, kì í fún ajá ní ìwé ẹ̀rí ìbàdí títí yóò fi pé oṣù 24, àmọ́ ẹni tí owó nìkan jẹ lógún kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 6 tí ẹni tó tà á fún yín fi gbé ọmọ náà lé yín lọ́wọ́, nígbà tó yẹ kó pé ọ̀sẹ̀ 8 ó kéré tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ti fi ìkánjú rẹ̀ hàn.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà. Mo ti fi àwòrán egungun náà ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe mú ìyá ajá mi bímọ mọ́. Kò tíì fèsì.