Oògùn apakòkòrò enrofloxacin kò ran adìyẹ wa mọ́: ṣé kí a fi colistin kún un?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Adìyẹ ẹlẹ́ran ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ń mí gúlegúle. Nígbà tí a la òkú wọn, nǹkan funfun bí awọ bo ẹ̀dọ̀ àti ọkàn. Wọ́n ti mu enrofloxacin nínú omi fún ọjọ́ 5, 10 mg fún kílò kan lójúmọ́, síbẹ̀ wọ́n ń kú. Ṣé kí a sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, àbí kí a fi colistin, oògùn apakòkòrò mìíràn, kún un?

Èsì 1
Ẹ má ṣe èyíkéyìí. Ó jọ iṣẹ́ E. coli, kòkòrò àìfojúrí kan tó ń fa àìsàn, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ oògùn tó máa pa á. Ẹ gbé èyí tó ń ṣàìsàn tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lọ sí láàbù kí ẹ tó lo oògùn mìíràn. Kí òkú wà nínú kúlà oníyìnyín, kó má dì, kó sì débẹ̀ láàárín wákàtí 24. Wọ́n á gbin kòkòrò inú ẹ̀dọ̀, wọ́n á to bébà kéékèèké tí oògùn oríṣiríṣi wà lára wọn lé e, wọ́n á wá wọn ibi tí kòkòrò kò ti hù yí bébà kọ̀ọ̀kan ká.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi colistin sílẹ̀ fún èèyàn. Òun ni ilé ìwòsàn ń sá di nígbà tí oògùn yòókù bá kùnà. Ní 2015 ni wọ́n kéde mcr-1 ní Ṣáínà, àbùdá tó ń gba kòkòrò lọ́wọ́ colistin, tí kòkòrò kan sì lè fún òmíràn. Ní 2017, Ṣáínà fòfin de fífi colistin sóúnjẹ ẹran ọ̀sìn kí wọ́n lè tètè tóbi.

Èsì 2
Ẹ yẹ omi náà wò. Omi tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ ní calcium àti magnesium púpọ̀, wọ́n sì máa ń so mọ́ enrofloxacin, tí kò fi ní wọ ara adìyẹ tán. Lẹ́yìn náà, adìyẹ tó ń ṣàìsàn kì í mu omi tó. Bí ẹ bá fi omi tí adìyẹ alára líle ń mu ṣírò, oògùn tí wọ́n gbà kò tó: ó pa kòkòrò tó rọ̀, ó fi èyí tó le sílẹ̀ kó máa bí sí i. Omi tí wọ́n mu lánàá gan-an ni kí ẹ wọ̀n.

Ẹ tún gbóòórùn ilé. Bí ojú bá ń ta yín, ammonia, gáàsì tó ń jáde látinú ìgbẹ́ wọn, ti pọ̀ jù; ó ń ba ọ̀nà èémí wọn jẹ́, ibẹ̀ sì ni E. coli ń gbà wọlé. Ẹ kó ibi tó rin jáde, kí afẹ́fẹ́ ráàyè wọlé.

Ìbéèrè
Ẹ ṣeun. Ṣé síse ẹran wọn máa pa kòkòrò tí oògùn ò pa?

Èsì 1
Bẹ́ẹ̀ ni, bí àárín ẹran bá gbóná dé 74°C. Ọwọ́, ọ̀bẹ àti pátákó tó kan ẹran tútù ló léwu jù. Ẹ má sì ta adìyẹ náà títí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára oògùn fi pé, ẹ kà á láti ìgbà tí wọ́n mu ún kẹ́yìn.