Fọ́ọ̀mù PHQ-9 fún àwọn ìyá àgbà, ẹ gbà mí o

Nọ́ọ̀sì Sẹ́ńtà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Wọ́n ní ká máa fi PHQ-9 yẹ àwọn tó ń wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wò, bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń dà wọ́n láàmú. Ìbéèrè 9 ni, 0 sí 3 lórí ìkọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ 27. Màmá á wọlé, ojú ẹ̀ á ti jìn wọnú, á ní orí òun ń gbóná, nǹkan ń rìn lára òun bí èèrà, oorun ò sí, àmọ́ tí n bá ti ní "Mà, ṣé inú yín ń bàjẹ́?" kíá lá ní "Rárá o, mo dúpẹ́, àlàáfíà ni." Máàkì ẹ̀ ò ní ju 4 lọ. Ṣé fọ́ọ̀mù ni àbí èmi?

Bọ̀dá Rìsáàṣì: Fọ́ọ̀mù ni jàre. Orí gbígbóná àti nǹkan tó ń rìn lára yẹn ò sí níbẹ̀ rárá. Torí irú ẹ̀ ni olùwádìí kan, Ebigbo, fi ṣe ìwé ìbéèrè tiẹ̀ ní Ẹnúgu ní 1982. Àwọn olùwádìí Patel àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Zimbabwe náà ò kàn túmọ̀ ti òyìnbó, ẹnu àwọn aláìsàn ni wọ́n ti kó ẹjọ́ jọ tí wọ́n fi ṣe ìbéèrè 14, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Àńtí Abẹ́òkúta: Bọ̀dá, ẹ rọra o. Olùwádìí kan, Adewuya, dán PHQ-9 wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà níbí ní 2006, ó sì ṣiṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣá nìyẹn, wọ́n mọ̀wé, wọ́n dá kọ ọ́ fúnra wọn. Nọ́ọ̀sì, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ 14 síwájú màmá, ọjọ́ 14 tí fọ́ọ̀mù ń bèèrè nípa ẹ̀ nìyẹn, ẹ ní kí wọ́n yọ iye ọjọ́ tí oorun ò wá sọ́tọ̀. Tó bá ti ju 7 lọ, máàkì 2 nìyẹn, tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ẹ̀ tán, 3. Tó bá jẹ́ inú ààwẹ̀ ni, ẹ bèèrè ti oúnjẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó fún wọn ní máàkì. Orí gbígbóná, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún dókítà, ẹ má rò ó mọ́ 27. Ìbéèrè kẹsàn-án, èyí tó kẹ́yìn, ti ikú, tí wọ́n bá ti gbà á, ẹ má wo máàkì mọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá lọ sílé, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Sẹ́ńtà: Ẹ ṣé gan-an mà. Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo la ní ṣá, ìyàwó ọmọ wọn á sì jókòó tì wọ́n gbọin.

Àńtí Abẹ́òkúta: Ẹ rán ìyàwó lọ gba káàdì.