Gígùn bọ́ṣì idẹ mi kò dọ́gba: níbo ni mo ti ń ṣì í ṣe?

Ọmọ Tọ́nà (Kàbà):
Okun o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Oṣù kẹta rèé tí mo gba fìrídọ́ọ̀mù iṣẹ́ tọ́nà lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo sì ti gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ́nà Ọ̀bàjànà. Mẹkáníìkì kan tó ń tún tírélà àti típà ṣe gbé iṣẹ́ wá: bọ́ṣì kingpin, 60 níye (òrùka tí ọ̀pá kingpin tí táyà iwájú fi ń yà ń wọ̀), idẹ ni gbogbo rẹ̀, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan 38 mílímítà. Ó ní òun ò fẹ́ kó ju 38.05 lọ, kó má sì wálẹ̀ ju 37.95, torí èyí tó bá gùn jù á yọrí jáde, á máa ha béárìn tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo fi ayùn irin gé e sí bíi 40, mo tọ́ọ̀nù ẹ̀yìn rẹ̀ lórí lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí túùlù lè gé e, mo gbẹ́ inú rẹ̀, mo sì gé ojú kìíní kó tẹ́jú. Lẹ́yìn náà mo yí i padà sínú chuck (ẹnu ẹ̀rọ tí eyín rẹ̀ ń di iṣẹ́ mú), mo tì í wọlé títí yóò fi kan sítọ́pà, ohun tó ń dá a dúró, tí mo há sínú ihò spindle (ọ̀pá tó ń yí chuck), mo wá gé ojú kejì. Ibi tí saddle, apá ẹ̀rọ tó ń gbé túùlù rìn, wà náà ni mo fi í sílẹ̀ sí, mi ò ṣí i rárá. Ó yẹ kí gbogbo wọn jẹ́ 38, àbí? Ẹ wo ohun tí vernier, irin tí mo fi ń wọn gígùn, ń sọ: ọ̀kan 38.04, òmíràn 38.22, òmíràn 37.80! Etí wọn sì mú bí abẹ, ó ti gé mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti pọ́n túùlù títí ó fi sú mi. Ṣé idẹ yẹn ni kò dáa ni, àbí ẹ̀rọ? Àlòkù ni lathe náà. Ọjọ́bọ̀ ni oníṣẹ́ ń bọ̀, ó ti san ìdajì owó, mo sì ti fi í ra dísù.

Bàbá Ṣínà (Ìsánlú):
Ooru ni. Idẹ máa ń wú tó bá gbóná. Ju bọ́ṣì yẹn sínú omi kí o tó wọ̀n ọ́n, wàá rí i pé wọ́n á dọ́gba.

Ògbóǹtarìgì (Mopà):
Ṣé o ti bọ Ògún ṣọ́ọ̀bù tuntun yẹn ṣá? 😀 Ajá kan péré ni.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́kọ́ja:
Ògún kì í jẹ 0.42 mílímítà, ẹ fi Ògún sílẹ̀.

Bàbá Ṣínà, ẹ má bínú sí mi sà. Lóòótọ́ ni pé idẹ ń wú, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Idẹ tó gùn ní mítà kan, tó bá fi ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì kan gbóná sí i, nǹkan bíi 0.019 mílímítà ló máa fi gùn sí i. Ti àbúrò yìí kò ju 38 mílímítà lọ. Kódà kó fi ìwọ̀n 50 gbóná ju afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, tí kò ní ṣeé dì mú lọ́wọ́, kò ní ju 0.036 lọ. Láti 37.80 dé 38.22 wá jẹ́ 0.42. Ooru lè bá wọn dá sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ọ̀daràn.

Bàbá Ṣínà (Ìsánlú):
Ó dáa. Mo gbà. Síbẹ̀ kó má wọn nǹkan gbígbóná.

Ìyá Onídẹ (Ìyàrà):
Ọmọ mi, níbo lo ti ra idẹ? Ẹni tó ń ta àlòkù irin bíi tèmi mọ̀ pé gbogbo ohun tó ń dán kọ́ ni idẹ kan náà. Wo èérún rẹ̀ nígbà tó o bá ń gé e. Èyí tó ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́ bí gàárì, òjé díẹ̀ wà nínú rẹ̀, àwọn tọ́nà fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tó ń lọ́ gbọọrọ bí òwú, kò ní òjé, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu túùlù. Irú idẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe orí ràdíétọ̀ àtijọ́ àti kòròfo ọta ìbọn ológun: bàbà 70, síńkì 30.

Kí n kúkú sọ èyí kún un, torí àwọn ọdẹ máa ń gbé kòròfo kàtíríìjì wá bá mi pé idẹ ni. Ìdí púpọ̀ nínú wọn, irin ni, idẹ kàn bò ó lójú ni. Mágínẹ́ẹ̀tì mi máa ń tú àṣírí wọn. Èyí tí kò bá sì tíì dún, mi ò jẹ́ kó wọ ìsọ̀ mi, ẹni tó gbé e wá á gbé e padà.

Ọmọ Tọ́nà (Kàbà):
Ẹ ṣé mà. Ọ̀pá idẹ gidi ni, Èkó ni mo ti ní kí wọ́n bá mi rà á. Wẹ́wẹ́ bí gàárì ló ń ṣẹ́, ó ń ta sí mi lójú pàápàá.

Ìyá Onídẹ (Ìyàrà):
Á jẹ́ pé idẹ kò jẹ̀bi. Fi gíláàsì sójú, kí o sì fọwọ́ dáadáa kí o tó jẹun, torí òjé tí mo sọ yẹn.

Bàbá Tọ́nà (Ẹ̀gbẹ̀):
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Àbúrò, má pọ́n nǹkan kan mọ́, má sì tú ẹ̀rọ. Mẹ́ta lo kọ fún wa, o sì ṣà wọ́n ni. Mo fẹ́ kí o kọ méjìlá fún mi bí o ṣe gé wọn tẹ̀ léra, láti orí èkíní. Bí o kò bá sàmì sí wọn, lọ gé òmíràn.

Ọmọ Tọ́nà (Kàbà):
Mo sàmì sí wọn sà, ọ̀gá mi ló fi ìyẹn kọ́ mi, máákà ni mo fi ń kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Wọ́n rèé:
38.02, 38.02, 38.04, 38.06, 37.80, 38.10, 38.10, 38.14, 38.16, 37.84, 38.20, 38.22.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́kọ́ja:
Háà! Ó ti hàn.

Bàbá Tọ́nà (Ẹ̀gbẹ̀):
Ó hàn gbangba. Àìsàn méjì ló ń ṣe ọ́, o sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Yọ 37.80 àti 37.84 sẹ́yìn ná. Èyí tó kù ń gùn sókè díẹ̀díẹ̀, kò wálẹ̀ rí. Ká ní èérún ló ń há sẹ́yìn bọ́ṣì ni, tàbí ẹ̀gún etí, ì bá máa lọ sókè sódò bó ṣe wù ú. Ohun tó ń lọ sókè láìpadà, nǹkan kan ló ń sún. Gígùn bọ́ṣì rẹ ni àyè tó wà láàárín sítọ́pà àti ẹnu túùlù. Bí àyè náà bá ń fẹ̀, yálà saddle ń sún sẹ́yìn tí bọ́ṣì bá ti ń tì í, tàbí kí sítọ́pà máa wọlé lọ nígbàkigbà tí o bá ti bọ́ṣì mọ́ ọn. Ǹjẹ́ o fún nọ́ọ̀tì tó ń di saddle mú kí o tó máa gé?

Ọmọ Tọ́nà (Kàbà):
Rárá sà. Mo rò pé tí n kò bá ti fọwọ́ kàn án, kò ní lọ síbì kan.

Bàbá Tọ́nà (Ẹ̀gbẹ̀):
Fún un. Gé márùn-ún sí i, má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Bó bá dúró lójú kan, saddle ni. Bó bá ṣì ń gùn, sítọ́pà ni.

Kó tó lọ, wo ojú àwọn méjì tó kúrú yẹn. Ṣé ojú wọn tẹ́jú?

Ọmọ Tọ́nà (Kàbà):
Kò tẹ́jú sà. Ó dà bí ẹni pé nǹkan bù ú jẹ. Mo rántí pé ẹ̀rọ pariwo “gbà!” nígbà tí mo ń gé èkíní nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́kọ́ja:
Jẹ́ kí n gba èyí lẹ́nu Bàbá. O pọ́n túùlù bí ẹni tó fẹ́ gé irin, o jẹ́ kí orí rẹ̀ dagun sẹ́yìn. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́ idẹ bí ìwọ̀ ẹja, á fa ara rẹ̀ wọnú rẹ̀. Skúrù topslide (apá kékeré tó wà lórí saddle tí túùlù dúró lé) ẹ̀rọ àlòkù sì máa ń dẹ̀, kò sí ohun tó máa dá a dúró. Tí bọ́ṣì tó tẹ̀ lé e bá wá tì í, á padà sí àyè rẹ̀, ìdí nìyẹn tí èyí tó tẹ̀ lé e fi jẹ́ 38.10. Mú òkúta ìpọ́n, fi ra orí túùlù yẹn kó tẹ́jú pẹrẹsẹ níwájú, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ló fẹ́. Fún àwọn skúrù ẹ̀gbẹ́ topslide díẹ̀ sí i, àmọ́ má fún un pa.

(Alẹ́ ọjọ́ kan náà)

Ọmọ Tọ́nà (Kàbà):
Ẹ má bínú pé ó pẹ́, wọ́n mú iná lọ, mo ní láti ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Mo ra orí túùlù, mo fún saddle. Ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí báyìí, ariwo tán. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: 38.24, 38.26, 38.26, 38.30, 38.32.

Bàbá Tọ́nà (Ẹ̀gbẹ̀):
Sítọ́pà ni. Kí lo fi ṣe é?

Ọmọ Tọ́nà (Kàbà):
Ọ̀pá irin ni sà. Igi ìrókò ni mo gbẹ́ tí mo fi há a sínú ihò spindle.

Ògbóǹtarìgì (Mopà):
Ìrókò! Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ní tàwọn àgbà nínú 😂😂

Bàbá Tọ́nà (Ẹ̀gbẹ̀):
😀 Ìwọ Ògbóǹtarìgì, jókòó jẹ́ẹ́. Ìrókò kì í ṣe igi yẹpẹrẹ, àmọ́ ọ́ìlì ti wọ̀ ọ́ lára, ó ń yọ̀. Nígbàkigbà tí o bá ti bọ́ṣì mọ́ ọn, ó ń sún wọlé bí irun orí. Yọ ọ́ dànù. Tọ́ọ̀nù òrùka irin kan tí ojú méjèèjì rẹ̀ dọ́gba, tí yóò jókòó sójú ara chuck gan-an láàárín àwọn eyín rẹ̀. Ti bọ́ṣì mọ́ ọn, fún chuck díẹ̀, fi òòlù rọ́bà gbá bọ́ṣì kó jókòó, kí o wá fún un tán. Eyín chuck tó ti jẹ máa ń ti iṣẹ́ síta tí èèyàn bá ń fún un, òun ni mo fi ní kí o gbá a. Fa òrùka náà jáde kí o tó tan ẹ̀rọ. Ṣé o gbọ́? Kí o tó tan ẹ̀rọ. Jẹ́ kí ihò òrùka náà tóbi, kí o sì pín in sí méjì kó lè rọrùn fún ọ láti yọ.

Tí o bá gé ojú kìíní tán, fi fáìlì fá etí rẹ̀ kí o tó yí i padà. Ẹ̀gún tó gé ọ lọ́wọ́ yẹn, lórí rẹ̀ ni bọ́ṣì á máa jókòó. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí o fi gbá èérún kúrò lójú òrùka, má fi ẹnu fẹ́ ẹ.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́kọ́ja:
Kí n tó gbàgbé, sọ fún mẹkáníìkì rẹ pé inú bọ́ṣì máa fún sí i díẹ̀ tí wọ́n bá fi press, ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan wọlé, tì í wọ ojú ihò rẹ̀. Kó fi reamer, irin tó ń la ihò kó bá ìwọ̀n mu, la inú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá wọlé tán. Kó sì rí i pé ihò gíríìsì dojú kọra. Kó má lọ sọ pé ìwọ lo ṣì í ṣe.

(Ọjọ́ kejì)

Ọmọ Tọ́nà (Kàbà):
38.00, 38.02, 38.00, 37.98, 38.00, 38.00, 38.02, 38.00. Ẹ̀yin bàbá mi, mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Mo ti tún àwọn tó gùn jù gé, gbogbo wọn ti wọlé. Márùn-ún ló kúrú kọjá àtúnṣe nínú 31 tí mo ti gé tẹ́lẹ̀, ọ̀pá idẹ tó kù lọ́wọ́ mi á sì tó dípò wọn.

Bàbá Ṣínà (Ìsánlú):
Ṣé ó tutù kí o tó wọ̀n ọ́n?

Ọmọ Tọ́nà (Kàbà):
Ó tutù sà 😀

Ìyá Onídẹ (Ìyàrà):
Márùn-ún tó kúrú yẹn àti èérún tó wà nílẹ̀, má dà á nù, má sì jẹ́ kí èérún irin dà pọ̀ mọ́ ọn, torí mágínẹ́ẹ̀tì mi ń bọ̀. Ọjọ́ wo ni ọjà Kàbà tó ń bọ̀? Màá gbé òṣùwọ̀n dání.