Ẹ̀rọ ayálégbé ni, kì í ṣe ayédèrú ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá dábàá pé kí a máa pe kọ̀ǹpútà tí a gbé kalẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, irú èyí tí à ń fi ètò kọ̀ǹpútà bíi VMware tàbí VirtualBox ṣe, ní "ayédèrú ẹ̀rọ". Wọ́n ní ọ̀nà tí a fi ń so ó mọ́ wáyà àti fóònù gidi, kí a pè é ní "afárá". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ méjèèjì.

Ayédèrú owó, ọjà kò gbà á. Ayédèrú oògùn kì í wo ibà. Ẹ̀rọ tí à ń wí yìí ń ṣiṣẹ́. Nílé mi níbí, n'Íkòròdú, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà lórí tábìlì tó ní ráàmù 16 GB; mo yọ 4 GB fún ẹ̀rọ inú rẹ̀, mo fi Asterisk, ètò tó ń so ìpè fóònù pọ̀, sí i, fóònù méjì sì ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ pe ara wọn. Bí ìyàwó mi bá sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, mò ń gbọ́ ọ ketekete ní yàrá. Kí ló wá jẹ́ ayédèrú níbẹ̀?

"Ẹ̀rọ ayálégbé" ni tèmi. A-yá-ilé-gbé. Ó yá lára ráàmù onílé, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé e sínú, ó yá lára àyè ìpamọ́ rẹ̀, ó ń gbé ibẹ̀. Bí iná onílé bá lọ, tirẹ̀ náà lọ. Ẹnìkan lè ní ayálégbé a máa sanwó. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: yíyá àti gbígbé ló wà nínú rẹ̀, kò sí owó níbẹ̀. "Àlejò" tí àwọn kan ń lò kò tó, torí àlejò kì í ní yàrá tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ afárá gan-an ni mo fẹ́ dúró lé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ to nǹkan wọ̀nyí, ọ̀nà NAT, níbi tí ayálégbé ti ń fi àdírẹ́sì onílé jáde, ni mo fi ẹ̀rọ náà sí. Ní ti àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, onílé ń jẹ́ 192.168.1.10, ayálégbé ń jẹ́ 192.168.126.128. Ó lè jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí orúkọ onílé ló ń jẹ́ níta, ṣùgbọ́n fóònù kò lè kanlẹ̀kùn rẹ̀. Mo ní kí onílé máa bá a gba ohunkóhun tó bá dé port 5060, ẹnu ọ̀nà tí ìpè fóònù ń gbà wọlé. Fóònù dún! Mo gbé e, mo ní "ẹ ǹlẹ́ o", kẹ́kẹ́ pa. Àdírẹ́sì inú ilé, 192.168.126.128 yẹn, ni SIP, èdè tí àwọn fóònù wọ̀nyí fi ń pe ara wọn, kọ ránṣẹ́ sí fóònù, fóònù wá ń da ohùn síbi tí kò lọ́nà.

Mo yí i padà sí èyí tí ẹ̀gbọ́n ń pè ní afárá. Ráútà fún ayálégbé ní 192.168.1.24 tirẹ̀, ohùn sì wọlé. (Wáyà ni kí ẹ lò o, ọ̀pọ̀ Wi-Fi kì í gba ẹ̀rọ méjì lórí ìsopọ̀ kan.)

Afárá Májídùn so ilẹ̀ méjì tí omi pín níyà. Níbi tí mo wí yìí, omi kò sí mọ́: fóònù àti ayálégbé ti di ará àdúgbò kan náà. Ohun tó yí padà ni pé ayálégbé ti ní ojúlé tirẹ̀, bí a ṣe ń kọ "Ojúlé Kejìlá" sára ògiri ilé. Nítorí náà, "ọ̀nà ojúlé" ni kí a pè é, kí NAT sì jẹ́ "ọ̀nà ojúlé onílé".

Ó ku ọ̀nà kẹta, níbi tí onílé àti ayálégbé nìkan ti ń gbọ́ ara wọn, tí ará ìta kò gbọ́. "Ọ̀nà ìyẹ̀wù" ni mo ń pè é báyìí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò.