Ta ni ojú rẹ̀ ti rí màbo lọ́wọ́ update kọ̀ǹpútà tuntun?

Bàbá Àyọ̀ká Tánkè: Ẹ kú alẹ́ o. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 ni tèmi. Ilé-ìwé kan ní Òmù-Àrán ní kí n wá bá àwọn to kọ̀ǹpútà ogún, Windows 7 ni gbogbo wọn. Ọjọ́ kan ni mo fi Windows sórí wọn tán. Lọ́jọ́ kejì, mo so módẹ́ẹ̀mù mọ́ ẹyọ kan kó wá update. Mo kírun ọ̀sán, mo kírun ìrọ̀lẹ́, "Checking for updates" ṣì wà lójú rẹ̀. Nígbà tó máa rí wọn, wọ́n lé ní igba! Orí kọ̀ǹpútà kẹta ni dátà mi tán sí. Ẹ wá sọ tiyín.

Ìyerú Òkín: Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ a kì í bá update jà lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹ̀gbọ́n, oṣù Karùn-ún ọdún yẹn gan-an ni Microsoft di èyí tó pọ̀ jù nínú update tó jáde lẹ́yìn SP1, àkójọ àtúnṣe ńlá Windows 7, sójú kan, KB3125574 lorúkọ rẹ̀. Update mìíràn, KB3020369, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní gbà. Ẹ gbé méjèèjì sórí fláàṣì, ẹ máa fi lọ láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì.

Sàlámì Gàá Akanbí: Módẹ́ẹ̀mù kan, kọ̀ǹpútà ogún! Ẹ kú ìrọ́jú.

Àdùkẹ́ Ọjà Ọba: Ẹyọ kan péré ni tèmi o. Ọmọ tó bá mi fi Windows 10 sórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mi ní òun ti parí ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ gbèjà project mi, mo tàn án ní aago méje ààbọ̀. Àwọn ẹ̀rún funfun kéékèèké ń yí po lójú rẹ̀, 27%, ó ní n ò gbọdọ̀ pa á. Mo wọṣọ tán, mo jókòó tì í. Ó dé 64%, iná lọ. Bátìrì tòkunbọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí iná dé, "Undoing changes" ló ń kọ, ìyẹn ni pé ó ń dá gbogbo ohun tó ti ṣe padà. Wọ́n pe orúkọ mi láago mẹ́wàá, slide ò sí.

Sàlámì Gàá Akanbí: Háà! Undoing changes! Àyà mi já bí mo ṣe kà á.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kí ni wọ́n wá ṣe fún ọ?

Àdùkẹ́ Ọjà Ọba: Ẹnu ni mo fi ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, mà. Wọ́n gbà á.

Àlàbí: O ò kó slide sórí fláàṣì? Kò yé mi.

Àdùkẹ́ Ọjà Ọba: Fláàṣì wà lọ́wọ́ àbúrò mi, ó ti gbé e lọ sí Ọ̀fà.

Àlàbí: Ọmọ tó ṣe é ló jẹ̀bi nígbà náà. Ṣebí ó yẹ kó ṣe update kó tó gbé e fún ọ.

Ọ̀gá Ẹ̀rọ Taiwo: Ẹ rọra o, iṣẹ́ yìí ni mò ń jẹ. Oníbàárà á ní owó Windows lòun máa san, dátà update ò kan òun. Dátà ta ni ká wá lò? Èmi ní hard disk kan, WSUS Offline Update ló wà lórí ẹ̀. Mo máa ń fi í kó update jọ lóru nílé, kọ̀ǹpútà tó bá dé, mo kàn so ó mọ́ ọn, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń lo ISO ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyẹn fáìlì tá a fi ń gbé Windows sórí kọ̀ǹpútà, ló ń wá wàhálà.

Àlàbí: Ẹ sáà pa update yẹn pátápátá, ọ̀rọ̀ tán.

Ìyerú Òkín: Rárá o! Ẹ rántí WannaCry, fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà tó jà ní oṣù Karùn-ún 2017. Láti oṣù Kẹta ni àtúnṣe rẹ̀ ti jáde, àwọn tí kò tíì fi sí ló há sí. Ó ti fáìlì wọn pa, ó ń bèèrè owó. Àwọn ilé ìwòsàn ní Ìlú Ọba ń dá aláìsàn padà sílé.

Àlàbí: Ìyẹn jìnnà sí Ìlọrin.

Ìyerú Òkín: Fláàṣì tí ẹ ń yá ara yín ńkọ́, òun náà jìnnà?

Ìyá Ìbejì: Àwa tá a ṣì wà lórí Windows 10 ńkọ́?

Ọ̀gá Ẹ̀rọ Taiwo: 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni update tiẹ̀ parí, mà, àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún. Ẹ gbé e wá ká wò ó bóyá ó máa gba Windows 11.

Sàlámì Gàá Akanbí: Tòkunbọ̀ àtijọ́ kì í gbà á o.

Bàbá Àyọ̀ká Tánkè: Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ṣe ẹ̀dà hard disk yẹn? Wọ́n tún ti pè mí, kọ̀ǹpútà méjìlá.

Ọ̀gá Ẹ̀rọ Taiwo: Lẹ́yìn Jímọ́ọ̀ lọ́la, ní Post Office. Ẹ mú èyí tó ní àyè dáadáa wá.